Ẹni Tó Kọ́kọ́ Lọ Ní Ń Kọ́kọ́ Bọ̀

"Kò sí," ni Arọ́kìn wí.

Ìgbà kẹtàdínlógún nìyẹn láti àárọ̀. Oyínlọlá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú tábìlì bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọmọ tí egungun ẹja há sí lọ́fun.

"Kò sí báwo? Àpótí yìí, ṣé o gbọ́ mi dáadáa ṣá? Eyínafẹ́ ni mo pè. Eyínafẹ́! Ìyá tó bí ìyá tó bí ìyá tó bí ìyá mi. Òun ló kọ́kọ́ ti ilé wá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú ìran wa. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n nílé wa."

"Mo gbọ́ yín, Màmá." Ohùn ọkùnrin ni wọ́n fún ẹ̀rọ Arọ́kìn, ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn ní rédíò, tí kò ní í yí padà ìbáà jẹ́ pé ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀. "Mo ti wo ìwé àwọn tó gba Èkó wọ Amẹ́ríkà. Mo wo ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilé ìwòsàn àti ìwé ìsìnkú fún igba ọdún. Kò sí Eyínafẹ́."

"Màmá," ni ohùn kékeré kan wí láti abẹ́ tábìlì, "ẹ ti jókòó ju wákàtí kan lọ. Ẹ dìde, ẹ na ẹsẹ̀."

Orúnkún ọ̀tún Oyínlọlá ló ń sọ̀rọ̀. Ìjọba Adágún, tó ń ṣàkóso Ṣìkágò, ló fún un lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó pé ẹni àádọ́rin ọdún, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un pé nǹkan ọ̀fẹ́ a máa lẹ́nu. Ó ti sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú. Lọ́jọ́ tí Oyínlọlá ń parọ́ fún dókítà pé òun ń rìn yí ilé po ní àràárọ̀, orúnkún yìí ló dáhùn láti abẹ́ ìró pé, "Kì í rìn o."

"Panu mọ́ níbẹ̀," ni Oyínlọlá wí fún un. "Ta ló gbé ta nínú àwa méjèèjì?"

"Èmi ni mo gbé yín, Màmá."

Akọ̀wé tó jókòó ní òdìkejì tábìlì fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni, ilé ni wọ́n ti rán an wá sí Ṣìkágò kó wá máa bójú tó Ilé Orírun, kó máa bá àwọn tó fẹ́ padà wá orúkọ àwọn tó lọ. Oyínlọlá náà wò ó, ó bá bú sẹ́rìn-ín. Kí ni ìbá ṣe? Bí ènìyàn bá dàgbà tí orúnkún rẹ̀ ń já a nírọ́ lójú ọmọdé, ẹ̀rín ló kù.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Lójú fèrèsé, ọkọ̀ Àbọ̀sinmi tó ń kó èrò padà sílé wà lórí adágún, funfun, ikùn rẹ̀ tóbi bí ti ewúrẹ́ tó lóyún ìbejì. Oṣù Kejìlá ni, oòrùn sì ń ta lórí Ṣìkágò débi pé afẹ́fẹ́ ń mì lókè omi. Nígbà tí oòrùn bá dé àárín orí, ọkọ̀ á ti ìlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn, àga inú ilé yìí kún bí ẹni pé wọ́n ń pín ẹran. Lónìí, gbogbo wọn ti rí ẹni wọn, wọ́n ti lọ. Ó ku Oyínlọlá nìkan, òun àti àpótí aṣọ méjì tó ti dì láti bí ọgbọ̀n ọdún, tó ń tú, tó ń tún un dì, tí aṣọ inú rẹ̀ ò sì wọ̀ ọ́ mọ́, nítorí ẹ̀bá ò jẹ́ kí ìbàdí dúró sójú kan.

"Màmá," ni Tanímọ̀la wí pẹ̀lẹ́, "ó ku wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Ẹ mọ òfin."

"Mo mọ òfin ju ẹni tó ṣe é lọ. Ẹni tó bá fẹ́ padà, kó dárúkọ ẹni tó lọ, kí Arọ́kìn rí i nínú ìwé. Ìran kan, àyè kan. Ọdún mẹ́sàn-án kí ọkọ̀ tó tún dé. Ọmọ mi, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí. Kí ọkọ̀ yẹn tó tún dé, orúnkún yìí nìkan lẹ máa bá tí á máa ṣe wọ́rọ́wọ́rọ́ nínú ilẹ̀."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Òfin kejì náà ń kọ́?"

"Èwo ni kejì?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ lọ ní ń kọ́kọ́ bọ̀. Tí a bá rí i, òun ló ni àyè náà, àfi tó bá ti fi ọ̀rọ̀ ìjókòó sílẹ̀, pé ibi tí òun sùn sí tó òun."

Oyínlọlá fi ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ náà lọ bí eṣinṣin. "Gbogbo wọn ló fi í sílẹ̀. Ẹni mélòó lo rí lọ́sẹ̀ yìí tí egungun gba ìjókòó rẹ̀?"

"Ẹni kan ṣoṣo."

"O rí i? Jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i ná."

Kí ni ìyá arúgbó ń wá nílé tí kò dé rí? Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bi í títí ó fi sú wọn. Kì í ṣe ilé Ìsẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ń ròyìn, nítorí ta ló mọ̀ bóyá ilé náà ṣì wà. Kì í ṣe ilẹ̀ pupa. Ohun tó ń wá kéré, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́. Ní Ṣìkágò, ìlẹ̀kùn ló ń kí ènìyàn. O bá wọlé, ìlẹ̀kùn á ní ẹ káàbọ̀. O bá jáde, á ní ó dàbọ̀. Ènìyàn ò kí ènìyàn mọ́, wọ́n ti fi í rán ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀ sì sọ fún un pé nílé, o lè máa lọ lójú títì láàárọ̀, kí ẹni tí o ò mọ̀ rí, tí kò sì fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, dúró kó bi ọ́ bóyá o jí dáadáa, kó sì dúró gbọ́ èsì. Oyínlọlá kàn fẹ́ kí wọ́n kí òun bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí òun tó kú. Ó ti múra èsì tó máa fọ̀ sílẹ̀. Ó ti fi í dánra wò nínú ilé ìwẹ̀ láìmọye ìgbà, tí orúnkún ń bi í léèrè pé, "Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ìlẹ̀kùn Ilé Orírun ní, "Ẹ káàbọ̀," ìyàwó ọmọ rẹ̀ àgbà sì wọlé, abọ́ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, òógùn lójú. Ṣéyìfúnmi lorúkọ rẹ̀. Òun ló tẹ̀ lé Oyínlọlá wá láti máa bá a gbé ẹrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ kó lọ, ó sì ti sunkún sí i lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́nà.

"Màmá, ẹ jẹun. Adúmáadán ní kí n kí yín. Ó ní òun ń bọ̀ wá dágbére, ọkọ̀ tó ń gbé òun bọ̀ ni kò tètè gbéra."

"Ta ni Adúmáadán?" ni Tanímọ̀la bèèrè, ó ti mú kálámù. "Ṣé ẹni tó máa jẹ́rìí ni? Kí n kọ orúkọ rẹ̀."

"Àbúrò ọkọ mi ni."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an?"

Ṣéyìfúnmi ya ẹnu. Ó pa á dé. Ó wo òrùlé. "Ẹ̀ẹ́. Ó lórúkọ o. Màmá, kí lẹ sọ ọmọ yín?"

Oyínlọlá ti ń rẹ́rìn-ín. "Ogún ọdún lo ti wà nílé mi!"

"Màmá, èmi ìyàwó ilé! Kí n máa pe ọkọ mi lórúkọ? Adúmáadán ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé. Dúdú rẹ̀ ló wù mí."

"Má dá a lóhùn, akọ̀wé, èmi náà ṣe jù ú lọ." Oyínlọlá na ẹsẹ̀, ó ti gbàgbé ọkọ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo ń pè é, nítorí ìdí rẹ̀, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́, kò ní í já bọ́ láéláé. Ogójì ọdún! Ìgbà tó kú, èmi ni mo wà nítòsí. Ẹ̀rọ ìsìnkú ní, 'Orúkọ olóògbé?' Mo ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Ó ní, 'Ìdílẹ̀kẹ̀ wo?' Mo ní, 'Ìdílẹ̀kẹ̀ tiwa.' Ó bá gbẹ́ ẹ sára òkúta bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: Ìdílẹ̀kẹ̀ Tiwa. Àwọn ẹbí ọkọ mi dé lẹ́yìn ogójì ọjọ́, wọ́n kà á, wọ́n ní, 'Sàréè ta nìyí?' Mo ní..."

Ẹnu rẹ̀ wà ní yíyà, ẹ̀rín ṣì wà ní igun rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò lára wọn.

"Màmá?" ni Ṣéyìfúnmi wí.

"Eyín-a-fẹ́," ni Oyínlọlá wí, ó ń fà á bí ẹni ń fa okùn láti inú kànga. "Eyín rẹ̀ wuni. Ìyá wo ló máa wo ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí kò tíì hu eyín, kó sọ ọ́ ní Eyínafẹ́?" Ó dìde fìrì. "Orí mi ò pé! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń pariwo mọ́ ẹ̀rọ yìí! Kì í ṣe orúkọ. Ìyàwó ilé ló fún un!"

Tanímọ̀la gbé kálámù sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n báwo ni gbogbo ìdílé ṣe wá mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló máa pè é lórúkọ? Ṣé ọmọ tó bí ni? Ọmọ ní 'Màmá'. Ìyàwó ilé ló ń pe Eyínafẹ́, àwọn ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ó dùn létí wọn, wọ́n gbé e lé ọmọ tiwọn lọ́wọ́, títí ó fi dé ọwọ́ èmi aláìlọ́pọlọ. Mọ́rádékẹ́ ni ọmọ tó bí. Tiẹ̀ ló dá wa lójú. Ti ìyá Mọ́rádékẹ́, bíi orúkọ Adúmáadán ni, ó wà, a ò kàn mọ̀ ọ́n."

"Ìyàwó náà, ilé ló wà, Eyínafẹ́ wà níbí." Tanímọ̀la ti fa àga rẹ̀ mọ́ Arọ́kìn. "Fóònù ni wọ́n ń lò nígbà náà. Wọ́n a máa fi ohùn ránṣẹ́ sí ara wọn. Arọ́kìn kó àwọn ohùn náà pa mọ́, ṣùgbọ́n a kì í tú ibẹ̀. Ariwo pọ̀ níbẹ̀ jù. Ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà, ewúrẹ́, ẹni tó jókòó lé fóònù láìmọ̀."

"Tú u."

"Arọ́kìn, wá ohùn tó ti ilé wá sí Ṣìkágò, tó pe ẹnì kan ní Eyínafẹ́, tó tún dárúkọ Mọ́rádékẹ́."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, Arọ́kìn ò dáhùn kíá. Ìmọ́lẹ̀ kan ń lọ, ó ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ṣéyìfúnmi ti di apá ìyakọ rẹ̀ mú.

"Mo rí ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rin," ni Arọ́kìn wí. "Ẹnu obìnrin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti jáde."

Lẹ́yìn náà ni ariwo ta nínú yàrá. Afẹ́fẹ́. Àkùkọ. Ọmọ kan tó ń sunkún. Ni obìnrin kan bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ó dúró ní ẹnu ọ̀nà tó ń nàgà wolé:

"Eyínafẹ́ ọkọ mi! Ẹ kú àtijọ́ o. Èmi ni o, èmi ìyàwó yín. Ṣé ara le? Mọ́rádékẹ́ ń kọ́? Màmá ní kí n bi yín pé ṣé Disẹ́ńbà yìí lẹ ń bọ̀ lóòótọ́, àbí ẹ tún fẹ́ tan àwọn ni. Wọ́n ti ní ká tún yàrá yín kùn o. Mo ti bá wọn kùn ún. Àwọ̀ omi aró ni mo yàn, ẹ má bínú."

Oyínlọlá ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí obìnrin yẹn ti kú, ohùn rẹ̀ ṣì ń gbóná bí àkàrà.

"Fóònù tó gba ohùn yìí," ni Arọ́kìn ń bá a lọ, "ti Dọ́káàsì Ìbíwùmí Ládẹ̀jọbí ni. Nọ́ọ̀sì. Ó ti Ìsẹ́yìn wá, ó wọ Ṣìkágò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983. Ó bí Mọ́rádékẹ́ níbí. Ó kú níbí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Sàréè rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn àtijọ́, kò tó ìrìn ìdajì wákàtí sí ibi tí ẹ jókòó sí."

"Ìbíwùmí," ni Oyínlọlá wí. Ó tọ́ ọ wò lẹ́nu. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń kọjá lẹ́yìn ilé ìwòsàn yẹn lọ ra ẹja.

Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jáde lójú ògiri, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, mẹ́sàn-án. Nínú ti àkọ́kọ́, ọmọbìnrin ni, ọrùn rẹ̀ gùn, irun rẹ̀ dúdú kìjikìji. Nínú ti ìkẹsàn-án, ìyá arúgbó ni bíi Oyínlọlá fúnra rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé nínú gbogbo wọn, nítorí ìjọba ìgbà náà kì í jẹ́ kí ènìyàn rẹ́rìn-ín nínú àwòrán pásípọ́ọ̀tù. Oyínlọlá wo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó ń wá eyín, kò rí eyín.

"Arọ́kìn, ṣí inú rẹ̀," ni Tanímọ̀la wí. "Òǹtẹ̀ ìpadàbọ̀ mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán?"

"Kò sí. Bí ọ̀kan bá ti parí, ó máa ń gba òmíràn. Kò fi èyíkéyìí lọ síbì kankan."

Ṣéyìfúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Tanímọ̀la ò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Màmá, a ti rí i," ló wí. "Ó di dandan kí n wá ọ̀rọ̀ ìjókòó. Arọ́kìn, jẹ́ ká gbọ́ èsì tí òun náà fi ránṣẹ́ sílé."

Èsì náà pọ̀. Arọ́kìn gé wọn kúrú, ó ń tò wọ́n lérí ara wọn. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ wúwo díẹ̀, tí ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tí kò tíì bọ́ bàtà: "Mo ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà." "Ẹ sọ fún Màmá pé Disẹ́ńbà ni." "Kì í ṣe Disẹ́ńbà yìí mọ́, ìwé mi ò tíì jáde, ó di èyí tó ń bọ̀." "Mo gbọ́ pé Màmá ti lọ. Mi ò lè sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ bá mi ju yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn náà ti gbó sí i: "Mo ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà."

Oyínlọlá jókòó.

"Èyí tó kẹ́yìn nìyí," ni Arọ́kìn wí.

"Ìyàwó mi," ni Ìbíwùmí wí nínú yàrá náà, "ẹ má dúró dè mí mọ́ o. Ilé mi ti di ibí. Níbí náà ni kí ẹ jẹ́ n wà."

Arọ́kìn dá a dúró. "Ìyẹn bá òfin mu gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìjókòó. Díẹ̀ ṣì kù nínú ohùn náà. Bí ẹ bá tẹ ọwọ́ lé àwo báyìí, yóò dúró síbi tó dé, àyè di tiyín."

Àwo dúdú kan yọ jáde láti inú tábìlì, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́!" Ṣéyìfúnmi, tó ti ń sunkún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kí ìyá má lọ, òun ló ń tì í lápá báyìí. "Ó ti ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa lọ!"

"Òfin ò ní kí ẹ gbọ́ ọ tán, Màmá," ni Tanímọ̀la wí, ó ń wo tábìlì. Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé kò yẹ kó sọ nìyẹn, ó sì mọ̀.

Oyínlọlá gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà sún mọ́ àwo tó fi jẹ́ pé ó ń gbọ́ òtútù irin náà lára ìka. Ó kù díẹ̀. Ó ti rí títì náà, ó ti rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà, tó ń dúró láti kí i.

Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ nǹkan kan kí Arọ́kìn tó dá ohùn náà dúró. Èémí ni. Ìbíwùmí ti fa èémí sínú. Kì í ṣe ti ẹni tó parí ọ̀rọ̀. Oyínlọlá mọ irú èémí yẹn, nítorí òun náà ló máa ń fà á tí òun bá ti parọ́ ńlá kan fún àwọn ọmọ òun, tí òun ń dúró kó wọlé sí wọn lára dáadáa.

"Jẹ́ n gbọ́ ọ tán," ló wí.

"Màmá!"

"Mo ní kó jẹ́ n gbọ́ ọ tán. Bí mo bá lọ láìgbọ́ ọ, èémí yẹn ni màá máa gbọ́ nílé."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rín ńlá, tó ń ti ikùn bọ̀, tó ń já gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ́fun, ẹ̀rín tí eyín ò lè farasin nínú rẹ̀. "Irọ́ ni o! Irọ́ ni mo pa o, ìyàwó mi! Ẹ sọ ọ́ fún ọkọ yín kó lè bú mi, kí ara mi yá. Ta ló fẹ́ sùn sínú yìnyín yìí? Mo ń bọ̀. Ẹ gbọ́ o, mo ń bọ̀. Tí ẹsẹ̀ ò bá gbé mi dé, ẹ bá mi wá nǹkan mìíràn tó máa gbé mi."

Ó tán.

"Màmá," ni Ṣéyìfúnmi wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ̀rín yín ni."

Bẹ́ẹ̀ ni. Oyínlọlá ti wá eyín nínú pásípọ́ọ̀tù mẹ́sàn-án, inú ohùn ló ti wá rí i.

Tanímọ̀la na ọwọ́, ó fi ìka kan kan àwo náà. "Ó ṣì ṣí," ló wí. "Arọ́kìn ò béèrè ohun tí etí gbọ́. Ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀. Ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, Màmá. Ẹ̀yin lẹ wà láàyè. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, mi ò ní í rántí ohun tí mo gbọ́."

Oyínlọlá wo ọkọ̀ lójú fèrèsé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ẹ̀rín wà nínú ohùn rẹ̀.

"Ẹ wá wo òmùgọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ẹni tó máa gba àga lábẹ́ ìdí mi. Mo gbé ìdí náà wá fúnra mi." Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Ọmọ mi, o ṣeun. Inú rere lo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ilé, tí wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí, kí ni mo fẹ́ sọ? Ọmọ ẹni tí mo pa lẹ́nu mọ́?" Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó jókòó lé e. "Pa àwo yẹn dé kí n tó yí ọkàn padà. Mo lè yí i padà o, èmi kì í ṣe ènìyàn dáadáa tó bẹ́ẹ̀."

Àwo náà wọlé.

Àwọn ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ kì í fi nǹkan falẹ̀. Kí oòrùn tó dé àárín orí, wọ́n ti gbé egungun Ìbíwùmí dé èbúté, nínú àpótí kan tí kò ju ti aṣọ lọ. Oyínlọlá wò ó, ó ní kí Ṣéyìfúnmi tú ẹrù òun. Aṣọ òfì tó fẹ́ wọ̀ sọ̀kalẹ̀ nílé wà lókè pátápátá. Òun fúnra rẹ̀ ló fi wé àpótí náà, ó ń fa etí rẹ̀ wọlé bí ìgbà tí ènìyàn ń pọn ọmọ.

"Ó ti kéré jù fún mi tẹ́lẹ̀," ló wí. "Ó bá a mu."

Ẹnu ibodè ọkọ̀ rí gbàgede, Oníbodè sì jẹ́ òpó kan tó ń sọ̀rọ̀. "Kí ọmọ rẹ̀ pè é," ni Oníbodè wí. "Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Lẹ́ẹ̀mẹta."

Oyínlọlá wo Tanímọ̀la. "Kí n pè é báwo?"

"Lórúkọ, Màmá."

"Èmi? Kí n la ẹnu pe ìyá ìyá ìyá ìyá mi lórúkọ gbàgàdà ní gbangba? Ṣé mo ti ya wèrè ni?"

"Kò ní í ṣí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀."

Oyínlọlá bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. "Màmá," ni orúnkún wí, "a kò gbà yín níyànjú láti kúnlẹ̀." "Ìyẹn kan ìwọ nìkan," ni Oyínlọlá dáhùn, ó gbá a, ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú ariwo irin, níwájú gbogbo èrò tó ń wò láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Màmá wa Eyínafẹ́," ló pè.

"Kì í ṣe orúkọ nìyẹn," ni Oníbodè wí.

Oyínlọlá wo àpótí náà. "Ẹ foríjì mí, Màmá. Wọ́n ní kí n ṣe é ni." Ó pa ojú dé. "Dọ́káàsì Ìbíwùmí Ládẹ̀jọbí." Ó jáde bí ọ̀rọ̀ ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò. Ìgbà kejì, ó le díẹ̀ sí i. "Dọ́káàsì Ìbíwùmí Ládẹ̀jọbí." Ṣéyìfúnmi ń sunkún, ó sì mọ̀ pé kó tó di òní, ẹni tó gbọ́ orúkọ yìí kẹ́yìn lẹ́nu ènìyàn ti kú kí wọ́n tó bí Oyínlọlá.

Ìgbà kẹta, Oyínlọlá la ojú. Ó pè é sókè, gbogbo ọ̀fun rẹ̀, bí a ti í pe ẹni tó wà ní òdìkejì odò, débi pé àwọn ẹyẹ dìde lórí omi.

Ìlẹ̀kùn ọkọ̀ sì ṣí.

"Ẹni tí ẹ pè ti gbọ́," ni Oníbodè wí. "Ẹ dìde lójú ọ̀nà, kó ráyè kọjá."

Wọ́n fa Oyínlọlá dìde lápá méjèèjì. Ojú ọ̀nà gan-an ló kúnlẹ̀ sí, kò sì mọ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó yẹ̀ fún un.